Àwọn Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹni Tí Ikú Ń Lé

Ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé àdúrà wa, tí a ń sìn lábẹ́ igi máńgòrò, ni mo rí ìran yìí, ẹ̀yin ará. Mojí ọmọ mi ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ nígbà náà. Àwọn agbébọn ló pa ọkọ rẹ̀, wọ́n ní Mojí ló kàn. Ó ní òun yóò lọ bẹ ìlú olówó kan kí wọ́n gba òun sílé. Láti ìgbà tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, oṣù mẹ́ta, n kò gbúròó rẹ̀. Mo wá gbààwẹ̀, mo ní oúnjẹ ọ̀sán ò ní kan ẹnu mi títí màá fi mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbàdúrà tán, mo na ẹ̀yìn lórí ẹní, oorun gbé mi lọ. Obìnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá wò.

Mo rí iná. Mo rí àwọn ẹni ńlá ńlá tó wọ kóòtù àti táì, tí wọ́n ń sá, tí iná ń lé wọn, tí ó ń jó wọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn irin kan, tí wọ́n ń bẹ̀, tí adènà sì jókòó pẹ̀sẹ̀, tó ń bi wọ́n pé iná wo, ta ló rí i, ìwé ẹ̀rí dà. Ọ̀kan ní òun ti ṣe mínísítà rí.

Adènà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ibi tí ẹ ti wá ò léwu. Ẹ padà síbẹ̀."

Ó sì tì í padà sínú iná. Àwọn dúdú bíi tiwa náà wà níbẹ̀, àwọn tó gbowó lọ́wọ́ àwọn ẹni ńlá yẹn, tí wọ́n ń kó àwọn tó ń sá àsálà lọ dà sínú aṣálẹ̀.

Mo bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Obìnrin náà ní, "Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí ikú ń lé, tó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àwọn, àwọn yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n wá kó ọkọ̀ sójú omi kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má bàa kanlẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní kí adènà má ṣílẹ̀kùn fún wọn láéláé. Èmi tí ẹ ń pè ní ìyá ìjọ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì tọrọ àforíjì.

Ó mú mi dé ibi tútù kan, tí àwọn èèyàn ń sinmi lórí koríko, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Ọ̀run rere ni, àmọ́ mo ń bẹ Ọlọ́run kí n má rí ọmọ mi níbẹ̀.

Mo rí i. Ó ń dirun fún ọmọdébìnrin kan. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ kú ìrìn. Ẹ lọ jẹun. Ààwẹ̀ yẹn ti tó."

Mo ní, "Mojí, ṣé omi ló gbé ọ?"

"Omi kọ́, Màámi. Ọkọ̀ wọn bá wa lójú omi, a ti rí ilẹ̀ wọn lọ́ọ̀ọ́kán. A na àwọn ọmọ sí wọn. Wọ́n fi okùn so ọkọ̀ wa, wọ́n wọ́ wa padà sáàárín òkun, wọ́n wá já okùn."

Igbe ara mi ló jí mi. Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn irin yẹn wà, adènà rẹ̀ kì í sùn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ fún wọn lẹ́nu ibodè, ẹ pè é lónìí, ẹ kìlọ̀ fún un.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ mi yòókù kọ ìkéde òkú, wọ́n kà á sí mi létí pé ìjàǹbá omi ló mú ẹ̀gbọ́n wọn lọ.

Mo ní, "Ẹ ya á. Ẹ kọ ọ́ pé èèyàn ló pa á."