Bọ́tìnì Tí Wọ́n Fi Ṣọ́ọ̀kì Yà

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọmọbìnrin kan níṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé-ìwé láìjẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Níbi tí a ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Ìyànà Ìbà ni mo ti gbọ́ òun àti ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ìwé kọ̀ǹpútà tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìwé yín wí nípa èdè kọ̀ǹpútà tí à ń kọ́?"

"Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, o kàn máa fa bọ́tìnì, ibi tí èèyàn ń tẹ̀, sójú ẹ̀rọ ni, á ti mọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Ti ilé-ìwé yín ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀kì ni olùkọ́ fi yà á sí pátákó."

"O wá tẹ̀ ẹ́?"

"Mo tẹ̀ ẹ́. Ó parẹ́. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò iṣẹ́ mi, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà wa pa."

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ìwé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?