Máàkì Tí Mo Tẹ̀ Síwájú Orúkọ Ẹlòmíràn

Alága wa, Alhaji Tàjùdéèn, mo kí yín. Ìmáàmù wa, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń ké. Ẹ̀yin olùkọ́ tí a jọ ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ wakọ̀ wá sí Lansing yìí lọ́jọ́ Sátidé wá bá mi ṣe ìfẹ̀yìntì, ẹ káàbọ̀. Firdaus ọmọ mi wà láàárín yín, òun lá máa túmọ̀ fún yín. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-ìwé yẹn; ẹ jẹ́ n fi Yorùbá sinmi lónìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo yín pátá.

Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ti yìn mí títí ojú fi ń tì mí. Wọ́n ní Sẹ̀kínátù ò ṣàṣìṣe rí. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe é. Àwọn tó wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní oṣù kẹta ti gbọ́ ọ. Ó ku ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ mọ̀ pé akọ̀wé ni mí, èmi kọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi ni mo ń gbé fóònù, tí mo ń wá bọ́ọ̀sì tó pẹ́, tí mo ń pẹ̀tù sí ọmọ tí inú ń run kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ṣùgbọ́n tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá dé, èmi náà ni mo máa ń tẹ máàkì ìdánwò àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní ninth grade sínú kọ̀mpútà. Máàkì yẹn ló ń pín wọn. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ó di honors, níbi tí iṣẹ́ ti le, tí ìwé sì pọ̀. Àwọn yòókù, ó di regular. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n o.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, orúkọ méjì tẹ̀ lé ara wọn lórí ìwé: Lawal Muminat, Lawson Jessica. Ojú mi ṣì. Mo tẹ máàkì ìkíní síwájú orúkọ ìkejì, mo tẹ ti ìkejì síwájú ti ìkíní. Muminat tó gba márùndínlọ́gọ́rùn-ún bá ara rẹ̀ ní regular. Jessica tó gba mọ́kànlélógójì wọ honors.

Mi ò mọ̀, àfi ìgbà tó di oṣù kẹwàá tí ìyá Muminat, Alhaja Salihat, wá láti Calumet City, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn wọn. "Àbúrò mi," wọ́n ní, "ọmọ yìí ní gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ òun lòun ti mọ̀. Bá mi wò ó, ṣé kò sí mistake níbẹ̀?"

Mo yọ ìwé ìdánwò, mo sì rí i. Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ mi lè bọ́. Mo da ojú ìwé náà dé sórí tábìlì, mo wo obìnrin tó pè mí ní àbúrò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí kọ̀mpútà yàn án sí nìyẹn. Ẹ ní kó túbọ̀ tẹra mọ́ ìwé rẹ̀."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Jessica sunkún fún oṣù méjì, ó ní ìwé náà le jù. Mrs. Barbara, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ ò mọ iye tó gbà. Ẹ kàn ń sọ fún un pé, "You belong here," ẹ sì ń jókòó tì í lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí. B ló gbà nígbà tí ọdún parí. Olùkọ́ lòun náà lónìí.

Muminat ńkọ́? Ọmọ tó máa ń nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè kò nawọ́ mọ́. Ọdún méjì gbáko ló lò níbẹ̀ kí Mr. Jeremy, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa, tó ṣàkíyèsí rẹ̀, tó sì jà títí tí wọ́n fi gbé e sí honors. Ọlọ́run bá a ṣe é, ó kàwé, ó ti di apoògùn. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí wọ́n wá ní ìgbìmọ̀ fẹ́ pinnu bóyá kí gbogbo ninth grade máa jókòó pọ̀ ní kíláàsì kan náà, mo ní ó tó. Mo lọ bá Muminat àti ìyá rẹ̀ nílé kí ìpàdé tó pé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Alhaja Salihat dìde, wọ́n wọ kíṣìnnì, wọ́n ṣí omi. Mo ń gbọ́ omi náà, wọn ò fọ nǹkan kan. Muminat ló sọ̀rọ̀.

"Auntie, ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí mo sọ fún ara mi pé olódo ni mí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó forí jì mí.

Ó ní, "I can't forgive you today. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ dárúkọ mi."

Bí mo ṣe lọ sí ìpàdé nìyẹn. Bàbá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán pé máàkì kì í purọ́. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin ará, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́." Mo dárúkọ Muminat, mo sọ bó ṣe jẹ́.

Wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀, mo fọwọ́ sí i, mo délé, mo jẹun tán, mo tún bu òmíràn. Ẹ ò mọ bí ara mi ṣe fúyẹ́ tó! Wọ́n pe Jessica, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kí òun dá B náà padà ni?

Ìgbìmọ̀ ti dìbò. Láti ọdún tó ń bọ̀, wọn á jọ jókòó fún Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tó le ni yóò gba honors. Ìṣirò ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mrs. Barbara, mo mọ̀ pé ẹ ò gbà. Ẹ ní àwọn tó yára á máa dúró de àwọn yòókù. Òótọ́ lẹ sọ. Muminat dúró fún ọdún méjì, mo sì rí bó ṣe pa á lára. Mi ò sọ pé bákan náà ni gbogbo ọmọ. Mo kàn ní kí a má fi ìwé kan ṣoṣo, tí akọ̀wé tó ti rẹ̀ tẹ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ forí jì mí fún gbogbo ìgbà tí mo gbó yín lẹ́nu lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa náà. Olùkọ́ àtàtà ni yín.

Alhaja Salihat wà níjókòó lọ́hùn-ún. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Muminat ò lè wá, ṣùgbọ́n ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí: "Auntie, ẹ kú ìsinmi o. Mi ò tíì forí jì yín tán, but I'm getting there." Mo ka á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó tó mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ yín pàdé ẹni tí yóò wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kí ọkàn yín fúyẹ́ bí tèmi ṣe fúyẹ́ lónìí. Kí ẹ fẹ̀yìn tì láyọ̀, kí ẹ̀mí wa gùn nínú àlàáfíà. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé púpọ̀.