Àyà Àbúrò Mi Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò, Orúkọ Mi Ni Wọ́n Kọ

Ọmọ àbúrò mi, wá àga jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Bí omi bá wà lórí iná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níbí ti gbé inú mi fún ọdún mọ́kànlá, bí n kò bá sì tú u jáde báyìí, èmi àti òun la jọ máa wọ ilẹ̀. Dókítà ti sọ fún ọmọ mi ní kọ̀rọ̀ pé ọkàn mi ti rẹ̀, pé kí wọ́n máa múra sílẹ̀. Wọ́n rò pé n kò gbọ́. Ojú mi ló ṣú díẹ̀, etí mi ò dí. Etí yìí ni mo fi ń gbọ́ àṣírí ẹlòmíì láti kékeré, kò sí ìdí tí kò fi ní gbọ́ tèmi.

Ìbéèrè rẹ ló fa gbogbo èyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá o pè mí, o ní o ń kọ fọ́ọ̀mù adójútòfò ìlera tí wọ́n ní kí o gbà kí wọ́n tó fún ọ ní físà. O ní, “Ìyá àgbà, wọ́n ń béèrè bóyá jẹjẹrẹ ọyàn wà nínú ẹbí wa, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹni tó ṣe. Bí mo bá kọ ti màmá mi sí i, wọ́n á ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò, físà á sì pẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi lọ́hùn-ún sì lè bọ́. Ṣé kí n kàn kọ pé rárá?” Mo ní kí o jẹ́ kí n ronú sí i. Irọ́ ni. Mo pa fóònù, mo wọ ilé ìgbẹ́ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó lórí àwo fún wákàtí kan gbáko. Nítorí mo mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Kì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ mọ̀.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìyàwó ọmọ mi lóyún, ọmọ mi sì ní kí n wá bá wọn gbé lókè òkun níbí. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé àlejò tó bá fẹ́ wọlé wá jókòó gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera, kí ó má baà di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò náà sì ní ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí àwọn yàn. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru nígbà náà bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná, ọkàn mi sì ń fò bí ọmọdé tó ń fo okùn. Mo mọ̀ pé bí dókítà bá gbé ohun èlò lé mi láyà, inú yàrá mi ni mo ti máa wo àwòrán ọmọ-ọmọ mi títí màá fi kú.

Ni mo bá lọ bá ìyá rẹ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. Ojú kan náà ni Ọlọ́run fi yá àwa méjèèjì, àfi pé ìdí tèmi ló kó gbogbo amọ̀ tó ṣẹ́kù. Mo ní kí ó bá mi lọ ṣe àyẹ̀wò náà ní orúkọ mi. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni?” Mo ní, “Ta ló máa tì ọ́? Dókítà tó ń rí ogójì arúgbó lóòjọ́, gbogbo wa la jọra lójú ẹ̀.” “Bí wọ́n bá bi mí ní ọjọ́ orí ńkọ́?” “Fi méjì kún tìẹ.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dáa. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n jẹ́ ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ọjọ́ kan péré.” Ó wọ awò ojú mi, ó mú ìwé ìrìnnà mi, ó lọ. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àga mi, ó na ẹsẹ̀, ó ní, “Àbúrò, bu omi wá.” Mo bu omi, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. A rẹ́rìn-ín títí ará ilé kejì fi gbá ògiri. Ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rín tó mọ́ kẹ́yìn láàárín wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo lọ gba èsì fúnra mi. Mo wé gèlè débi ìpéǹpéjú, mo fi áńkáṣífù bo imú bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Mo rò pé wọ́n á kàn na ìwé sí mi láti ojú fèrèsé ni. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, dókítà fẹ́ rí yín fúnra wọn.” Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ rí tóóró, àga oníke ló tò sí i, gbogbo ẹni tó jókòó ló ń wò mí, tàbí ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Dókítà náà, obìnrin ni, ó kéré lọ́jọ́ orí, ó ki bírò bọ inú irun. Ó wò mí. Ó tún mi wò. Ó ní, “Màmá, ẹ ti sanra láàárín ọ̀sẹ̀ kan.” Mo ní, “Ìrònú ni, dókítà. Tí mo bá ń ronú, ńṣe ni mo máa ń jẹun.” Òógùn ń ṣàn lọ sí ìdí mi.

Ó ní, “Ọkàn yín dára, ẹ̀jẹ̀ yín dára, ohun tí wọ́n béèrè nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kan ọyàn òsì yín, mo bá kókó kan. Kò ju hóró àgbàdo lọ. Mo ti kọ ìwé sí ilé ìwòsàn ńlá fún yín. Bí ẹ bá lọ láàárín oṣù kan, ohun tó ṣeé yọ ni.” Ọwọ́ mi lọ sí àyà mi. Ó ní, “Òsì ni, Màmá. Ọ̀tún lẹ dì mú yẹn.” Ṣé o rí mi? N kò tilẹ̀ béèrè bóyá ẹni náà máa yè. Ohun tí mo béèrè ni pé, “Ṣé àwọn adójútòfò gbọ́dọ̀ mọ̀?” Ó ní, “Bí àyẹ̀wò kejì bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá ìwé yín dúró títí èsì á fi jáde. Ó lè tó oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ṣe kókó ju ìrìn àjò lọ. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ máa lọ.” Mo ní, “Mo ṣèlérí.” Ọyàn tí kì í ṣe tèmi ni mo fi ṣe ìlérí.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ní kí ìyá rẹ lọ ní orúkọ ara rẹ̀. Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè náà láìmọye ìgbà. Mo rò pé wọ́n á bi í pé ta ló kọ́kọ́ rí i, ìyá rẹ ò sì mọ irọ́ pa. Á ka gbogbo rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé, físà mi á sì wọgbó. Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ní ọgbọ́n, ọmọ mi. Mo ká ìwé náà, mo tì í bọ inú kọ́mú mi, lápá òsì, bí ẹni ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, mo bá gba ilé lọ.

Ẹ̀wù òtútù tí màá wọ̀ rìnrìn àjò ni ìyá rẹ ń ṣẹ́ etí rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. “Kí ni wọ́n sọ?” Mo ní, “Wọ́n ní ara rẹ le bí irin. Wọ́n ní bí gbogbo èèyàn bá rí bíi tìẹ, ebi á pa dókítà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọpẹ́ o. Mo tilẹ̀ ti pinnu láti lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Nǹkan kan máa ń ta mí lábẹ́ apá. Bí wọ́n bá ti yẹ ara mi wò tí wọ́n ní kò sí nǹkan, á jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ló ń fà á.” Ó gbójú sókè wò mí, ó ń dúró de èsì. Ọmọ mi, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ìwé náà ń gún mí láyà. Mo ní, “Ẹ̀rọ náà ni. Fi epo sí i.” Ó sì fi epo sí i lójú mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀wù mi lọ. Lọ́jọ́ Ajé, kò lọ ibì kankan.

Mo ní tí físà bá jáde, màá sọ. Ó jáde. Mo ní ó di ibùdó ọkọ̀ òfuurufú. Mo dì mọ́ ọn níbẹ̀, n kò sọ. Mo ní tí ọmọ bá bí. Mo ní tí ọmọ bá hu eyín. Ó di oṣù kẹsàn-án, fóònù dún, òun ni. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n rí nǹkan lọ́yàn mi. Wọ́n ní ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀yìn àyẹ̀wò yẹn ló ní láti dé. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rán mi lọ nígbà yẹn, ó kéré tán mo mọ̀ pé ara mi fìgbà kan dá ṣáṣá.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú ìmoore yẹn ló kú sí, kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà. Ìwọ ń sunkún lórí fóònù, èmi fi bàtà ránṣẹ́ sí ọ. Bàtà.

Má rò pé mo gbádùn ohun tí mo fi ẹ̀mí rẹ̀ gbà. Ìwé adójútòfò sọ pé ọkàn mi dára, nítorí náà, nígbà tí ọkàn mi ń dà mí láàmú, n kò lè sọ fún dókítà kankan níbí. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń gbé oògùn pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ní, “Ìyá àgbà, kí ló dé tí ìbọ̀sẹ̀ yín ń dún?” Mo ní egungun arúgbó ni. Títí mo fi ṣubú nínú ilé ìdáná lóṣù tó kọjá, tí àṣírí ara mi tú, tí àṣírí ti ìyá rẹ sì wá kù sọ́wọ́ èmi nìkan.

Ìwé dókítà náà ló wà nínú àpò ìwé yìí. Òógùn àyà mi ti mú un pọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ṣì hàn. Ọjọ́ yẹn ni kí o kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ. Fa ilà sí orúkọ mi lókè, kí o kọ orúkọ ìyá rẹ. Má kọ “rárá” nítorí físà. Jẹ́ kí ó pẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fún ẹlòmíì ní iṣẹ́ náà. Lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò, òsì àti ọ̀tún, ní orúkọ ara rẹ.

Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ṣùgbọ́n má dáhùn ìyẹn báyìí. Ìdáríjì lè dúró, bí mo bá sì ti lọ kó tó dé, ẹ̀bi mi ni. Àyẹ̀wò ni kò lè dúró. Bí o bá ti ibẹ̀ dé, pè mí. Má wulẹ̀ kí mi. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ gan-an ni kí o sọ fún mi.