Ẹrẹ̀ Ọkọ Mi Lára Ògiri Trent

Marcy, fi mí sílẹ̀, mi ò jókòó, mi ò mu kọfí! Ṣé èmi Verna ni Trent ọkọ rẹ ń sọ fún pé kí n má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ tí Clyde ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin rẹ̀ pọ̀ ní gáréèjì wa? Ó ní òógùn ọwọ́ mi á ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́! Ọwọ́ yìí kan náà ló di irin yẹn mú nígbà tí Clyde ń jó o! Háà, ojú mi rí nǹkan ní ìlú Fairfax yìí!

Nígbà tí mo sin ọkọ mi tán, ta ló wá ń sunkún ní kíṣìnì mi? Trent ni. "Màmá, ẹ fún mi, gbogbo Sọ́ńdè ni n ó máa gùn ún lọ sórí òkè Tam bí bàbá ti máa ń ṣe." Ẹnu dùn ún ròfọ́! Àwọn ará Jàpáánù kan tó fẹ́ rà á bẹ̀ mí títí, wọ́n ní irú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ò sí mọ́, mo kọ̀, torí wọn ò ní gùn ún. Òun ni mo gbé e fún, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti gbé e kọ́ sára ògiri, táyà ò tíì kan ilẹ̀!

Kí lo wí? Ó ń tọ́jú rẹ̀? Wo abẹ́ ìjókòó yìí. Ẹrẹ̀ ni! Ó fi fáníṣì kùn ún kó má baà gbọ̀n dànù! Àgbàlagbà ń fi fáníṣì kun ẹrẹ̀! Ó ń rí mi lára, Marcy.

Clyde kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ sùn lára kẹ̀kẹ́. Bí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí bíréèkì gbóná tí gírísì inú rẹ̀ jó dànù, ibẹ̀ náà ló ti máa tú u, táá ki gírísì tuntun sí i. Òórùn gírísì jíjó yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọkọ mi ti wọlé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ò rí i fọ̀, ọjọ́ tí àyà mú un, tí kò dìde mọ́ ni. Ẹrẹ̀ ọjọ́ ikú ọkọ mi lẹ ń kó àlejò jọ wò, tí ẹ ń mu wáìnì!

Má sunkún. Di àkàbà yìí mú fún mi. Mo mọ̀ pé mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ni mo fẹ́ fi wà á ni? Pọ́ǹpù tí n ó fi fẹ́ táyà wà nínú ọkọ̀ mi. Bí Trent bá dé, sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ wà lórí Tam. Bó bá fẹ́ ẹ, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùnkè wá gbà á!