Ọ̀rọ̀ Tí Kóòṣì Basile Sọ fún Hortense

Kóòṣì Basile kò jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bọ́ bàtà eré wọn tán tó fi ní kí wọ́n jókòó sórí koríko. Ó ní òtítọ́ kan wà tí òun gbọ́dọ̀ sọ lónìí, pé ó ti pẹ́ jù nínú òun, àti pé bí òun bá tún gbé e wọlé, òun kò ní lójú láti kọ́ wọn ní eré sísá mọ́. Hortense wà láàárín wọn, ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ oko ní Issaba. Ọ̀dọ̀ Kóòṣì náà ló ti kọ́ eré sísá rí, Kóòṣì ló sì ránṣẹ́ pè é wá sí Pobè. Ó jókòó ti Lydie àbúrò rẹ̀, kò sì wo ojú ọkùnrin náà.

Lydie ló fà á. Láti ìgbà tó ti dara pọ̀ mọ́ wọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí Basile bá yìn ín, ńṣe ni eré rẹ̀ máa ń dẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Basile bi í pé kí ló dé. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Kóòṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gba ìyìn yín gbọ́. Wọ́n ní ẹ kàn máa ń fi tu ènìyàn nínú ni."

Basile mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun fúnra òun ni ọmọ náà ń dá padà fún òun.

Ìdí nìyẹn tó fi kó wọn jókòó sórí koríko lónìí láti sọ gbogbo rẹ̀. "Nígbà tí Hortense kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi," ó ní, "ẹ̀yìn ló máa ń wà. Agbára wà lára rẹ̀, kò kàn gbà pé òun lè ṣe é ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Bó bá dé ibi àyípo tó kẹ́yìn, tí èémí fẹ́ tán, màá pe orúkọ rẹ̀, màá ní, 'Ó kù díẹ̀, o ti ń lé wọn bá.' Kò pẹ́ tí kò fi sí ọmọbìnrin tó lè bá a sáré mítà ẹgbẹ̀rin ní Pobè àti Sakété. Ó sọ fún mi pé ohùn mi lòun ń sá tẹ̀ lé. Mo mọ ohun tí ohùn mi ń ṣe lára ọmọ yìí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀."

Ó yíjú sí àwọn ọmọ yòókù.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní Kútọnu. Laure ọmọ mi náà fẹ́ lọ. Ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò ṣáájú Hortense rí. Ìyàwó mi ní, 'Ọmọ ẹlòmíràn lò ń tọ́, tìrẹ ń wò ọ́.' N kò di ẹ̀bi rù ú. Ọkàn mi ti ń rò ó kó tó sọ ọ́. Ní àárọ̀ ìdíje tí wọ́n máa fi yan ẹni náà, ní pápá Sakété, Hortense wá bá mi lábẹ́ igi tí a kó ẹrù sí. Ó ní, 'Kóòṣì, àyà mi ń já. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀.' Mo wò ó lójú. Mo ní, 'Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. O ò ní ẹ̀bùn eré. Àánú rẹ ló ń ṣe mí ni mo fi ń yìn ọ́. Má lọ fi ara rẹ ṣe yẹ̀yẹ́.' Ohùn pẹ̀lẹ́ tí mo fi ń yìn ín náà ni mo fi sọ ọ́. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Lydie di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Síbẹ̀, òun ló wà níwájú nígbà tí wọ́n dé àyípo tó kẹ́yìn. Ó yíjú wá ibi tí mo dúró sí, ó ń retí. Mo pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tí mo máa là á, orúkọ Laure ni mo pè. Hortense bá fà sẹ́yìn, títí gbogbo wọn fi kọjá lára rẹ̀. Laure ni wọ́n mú. Nígbà tí Victorine ìyá rẹ̀ wá bi mí léèrè, mo ní ọ̀lẹ ni ọmọ rẹ̀. Kò padà sí pápá mọ́. Nígbà tó yá, kò lọ sí ilé ìwé pàápàá mọ́."

Basile kúnlẹ̀. "Hortense, gbogbo ìyìn tí mo yìn ọ́, òótọ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo purọ́. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí."

Hortense wá wo ojú rẹ̀. "Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí, mo máa ń rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi pàápàá, mo lé e lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Laure mọ̀?"

"Kò mọ̀. Màá sọ fún un. Màá sọ fún ìyá rẹ náà, lónìí."

"Ẹ dìde, bàbá. N ò tíì lè sọ pé mo dárí jì yín, n ò sì fẹ́ purọ́ fún yín."

Lydie fà á láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n má wá mọ́?"

"Wàá máa wá. Àwa méjèèjì la ó jọ máa wá. Màá máa jókòó síbí, kí n lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ."