Èmi Ni Mo Pa Èrò Oníbéèrè

"Ẹ jókòó, gbogbo yín. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ilẹ̀ kò ní gbà mí."

Bí Ìyá Oníná ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá ìwádìí tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ owó tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí ló fẹ́ sọ. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Oníbéèrè, igbákejì rẹ̀, ló tiẹ̀ fa àga fún un.

Pílásímà ni iṣẹ́ wọn: afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná wọ̀ lára títí ó fi ń tàn, irú èyí tó ń kọ yànràn lójú ọ̀run nígbà òjò. Inú ìgò ńlá kan ni wọ́n ti ń tàn án, àmọ́ bó bá ti fara kan ògiri ìgò, ó kú nìyẹn. "Kí ni ìlò rẹ̀?" ni ìjọba máa ń bi wọ́n. Ìwádìí tí kò tíì ní ìlò, ta ló fẹ́ náwó lé e? Ìyá Oníná tọrọ tọrọ, ọwọ́ òfo ló ń bá a bọ̀ wálé. Wọ́n ní àwọn yóò gba yàrá náà, àwọn yóò fi kó àga àlòkù sí.

Ìgbà náà ni Oníbéèrè, ọmọ tí Ìyá Oníná fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, kọ̀wé béèrè owó ìjọba. Ó ní kí wọ́n to irin òòfà yí ìgò ká ní lílọ́ bí okùn, kí iná náà má lè dé ara ògiri. Ìyá Oníná wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò.

"Mo mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́," ó sọ fún wọn. "Mo dìde, mo ní àlá ọ̀sán gangan ni. Èmi àgbàyà! Bàbá Awò, àgbà ìgbìmọ̀ náà, nìkan ló bá mi jiyàn. Wọ́n ní, 'Ọmọ yìí rí ohun tí àwa ò rí.' Mo pariwo bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo kúrò nínú ìgbìmọ̀, mo kọ èrò kan náà, mo forúkọ ara mi sí i. Wọ́n fún mi lówó."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn.

Èyí tó burú jù ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá Awò ti fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìgò Ìyá Oníná ń tàn láìkú. Bàbá pè é, wọ́n ní, "Sọ fún ọmọ náà, àbí kí n sọ fún un." Jìnnìjìnnì bò ó. Ó sáré lọ bá Oníbéèrè níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níṣirò, ó ní òun náà ti ro irú èrò rẹ̀ yẹn, ó sì fún un níṣẹ́. Ni ọmọ náà bá kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà rò ó bẹ́ẹ̀? Orí mi ò dàrú nígbà yẹn! Ta ló wá sọ pé àlá ni?"

"Bàbá Awò ni," Ìyá Oníná purọ́ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn, ọpẹ́ Oníbéèrè di okùn lọ́rùn Ìyá Oníná. Bó bá ti ní, "Ẹ ṣé, Màmá, ẹ̀yin lẹ gbà mí," yàrá náà á há mọ́ ọn bí ẹni pé ògiri ń súnmọ́ ọn. Bó bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí á bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, ìjọba á tún fowó lé owó, irọ́ á máa ga sí i. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Oníbéèrè wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. "Bàbá ránṣẹ́ pè mí nígbà tí àìsàn tó pa wọ́n dá wọn gúnlẹ̀. Mo ní kí ẹni tí wọ́n rán sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, Màmá."

"Mo jókòó."

"Ẹ sì gbọ́."

"Mo gbọ́. Mo tiẹ̀ ní o káre."

Ìyá Oníná kúnlẹ̀ fún ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. "Mo ti sọ fún ìjọba pé èrò náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín ṣe adájọ́ lórí èrò ẹlòmíràn, tẹ́ ẹ rí i pé ó ju tiyín lọ, ẹ tètè sá jáde kí ojúkòkòrò tó sọ yín di olè. Oníbéèrè, forí jì mí."

"Èmi nìkan kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹ dìde." Oníbéèrè na ọwọ́ sí i, kò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Bàbá ṣì wà láyé. Ẹ̀yin lẹ máa kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí èmi náà bẹ̀bẹ̀ tèmi."