Omi Tí Wọ́n Fi Ń Lẹ Èékánná
Mo ń dúró de télọ̀ mi ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, nígbà tí tíṣà kan fi ìbínú wọ ìsọ̀ ọmọbìnrin tó ń lẹ èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Omi tó o fi po páúdà èékánná mi ló jẹ́ kí ìka mi wú báyìí!"

"Kò léwu rárá, mà. Ojúlówó ni."

"Kí ló wá dé tó o fi wọ ìbọ̀wọ́, tó o tún bo imú?"

"Háà! Èmi ni mò ń lò ó lójoojúmọ́, mà. Ó lè pa mí lára!"

Tíṣà pòṣé. "Bá mi yọ gbogbo rẹ̀."

"Ìgbéyàwó àbúrò yín lọ́la ńkọ́, mà?"

Ó wo ìka rẹ̀ títí.

"Ó dáa, tún tọwọ́ òsì nìkan lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun."